Ìwé gbèsè nìkan kò tó: Ohun tí àwọn ọmọ yunifásítì lè bá oníṣòwò Múṣin ṣe

Bí èèyàn bá gba ojú ọ̀nà Agége Mọ́tọ̀ láti Ìdí-Òro dé Ọlọ́ṣà, tó yà sí ọjà Ojúwòyè, tàbí tó wọ ọjà Ládìípọ̀ níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí ìwé kékeré kan lórí káńtà tàbí lábẹ́ àga ọlọ́jà. Ẹ̀yìn ìwé náà á ti ya, bírò á sì wà láàárín rẹ̀. Ìwé gbèsè ni. Orúkọ ẹni tó gbé ọjà àwìn ló wà nínú rẹ̀, iye tó kù lọ́rùn rẹ̀, àti ìlà tí wọ́n fà sórí orúkọ ẹni tó ti san. Ó sábà máa ń parí síbẹ̀. Iye tí wọ́n ra ọjà, iye tí wọ́n tà á, èyí tó ń yá àti èyí tó ti gba eruku lórí àtẹ, inú orí ọ̀gá ni gbogbo ìyẹn wà.

Kì í ṣe pé orí náà kò pé o. Àwọn àgbà tó gbé Èkó láyé ọjọ́un kò ní gbàgbé bí wọ́n ṣe máa ń sọ fún ọmọ tó bá mọ ìṣirò pé orí rẹ̀ pé bí orí alájọ Ṣómólú. Alphaeus Taiwo Olunaike ni orúkọ bàbá náà gan-an, ọmọ Ìjẹ̀bú ni, ọdún 2012 ló sì di olóògbé. Wọ́n ní ó ta mọ́tò mẹ́ta, ó fi ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tí kò bá ronú jinlẹ̀ á rò pé ojú dúdú ló bá bàbá, àmọ́ àwọn tó mọ ìtàn náà ṣàlàyé pé àdúgbò tóóró ni àwọn tó ń dá ajọ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń gbé. Mọ́tò kò lè wọ ibẹ̀, kẹ̀kẹ́ ló lè wọ̀ ọ́. Bàbá mọ ibi tí owó rẹ̀ ti ń wá, ó sì mọ ohun tó ń ná kó tó lọ gbà á.

Ohun tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ń pè ní dátà lónìí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń da àwọn àgbàlagbà láàmú, nítorí ohun tí àwọn ọmọ ń rà sórí fóònù ni wọ́n mọ̀ sí dátà. Kì í ṣe ìyẹn là ń wí níbí. Àkọsílẹ̀ ni: kí ni wọ́n tà, ta ló rà á, ọjọ́ wo, iye wo, kí ló sì kù nílẹ̀. Ọlọ́jà kankan kò sí tí kò ní in. Ibi tó fi pamọ́ sí ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Wàhálà náà ni pé orí kì í ṣe ohun ogún. Bí ọlọ́jà bá dùbúlẹ̀ àìsàn fún oṣù méjì, ìyàwó tàbí ọmọ tó bá wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kò ní mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ti ń ra ọjà, iye tí wọ́n ń rà á, àti ibi tí owó dúró sí. Bó bá kú, àwọn tó jẹ ẹ́ lówó á dákẹ́, àwọn tó jẹ lówó á pariwo. Báǹkì náà kò sì lè wo inú orí ẹnikẹ́ni kó tó yá a lówó.

Àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn kò kéré. Nígbà tí SMEDAN, àjọ tó ń rí sí òwò kéékèèké, àti NBS, àjọ tó ń ka nǹkan fún ìjọba àpapọ̀, jọ ka àwọn òwò wọ̀nyí ní ọdún 2017, ohun tí wọ́n rí lé ní mílíọ̀nù 41 ní Nàìjíríà. Nínú ọgọ́rùn-ún wọn, ó lé ní 99 tí òṣìṣẹ́ wọn kò pé mẹ́wàá. Ìpínlẹ̀ Èkó ló ní èyí tó pọ̀ jù lọ. Nígbà tí wọ́n tún kà á fún ọdún 2020, ọdún àrùn kòrónà, ó ti wálẹ̀ sí nǹkan bíi mílíọ̀nù 39.6.

Ohun tó yani lẹ́nu ni pé àwọn tó mọ iṣẹ́ àkọsílẹ̀ yìí dunjú kò jìnnà sí Múṣin rárá. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ìṣègùn Yunifásítì Èkó wà ní Ìdí-Àràbà, létí Múṣin gan-an. Yunifásítì náà fúnra rẹ̀, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1962, wà ní Akọka. Yaba College of Technology, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Yabatech, ti wà ní Yàbá láti ọdún 1947. Ní ọdún 2018, àjọ Data Science Nigeria, tí Báyọ̀ Adékànmbí dá sílẹ̀, ṣí ibùdó kan sí Yunifásítì Èkó láti máa kọ́ àwọn ọ̀dọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tú àkọsílẹ̀ wò, kí wọ́n lè rí ohun tó fara pamọ́ sínú rẹ̀. Báǹkì àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ni ojú irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń wà. Ta ló máa rántí ìyá tó ń ta ìrẹsì ní Ojúwòyè?

Ṣé ìyá onírẹsì tilẹ̀ nílò wọn? Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún àwọn ilé iṣẹ́ kéékèèké ní Èkó àti Abuja ti dáhùn ìbéèrè náà dé àyè kan. Stephen Anderson, olùkọ́ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, àti David McKenzie ti Báǹkì Àgbáyé ló ṣe é, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú Journal of Political Economy, ìwé tí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé kò fi ṣeré, ní ọdún 2022. Abẹ́ ètò kan tí wọ́n ń pè ní GEM, tí ìjọba àpapọ̀ fi owó tó yá lọ́wọ́ Báǹkì Àgbáyé ṣe, ni iṣẹ́ náà ti wáyé. Ilé iṣẹ́ tó lé ní 700 ni wọ́n pín sí ọ̀wọ́ ọ̀wọ́. Wọ́n kó ọ̀wọ́ kan lọ kọ́ ẹ̀kọ́ òwò. Wọ́n rán olùdámọ̀ràn sí ọ̀wọ́ kejì. Wọ́n bá ọ̀wọ́ kẹta wá òṣìṣẹ́ kan tó mọ ìwé owó tàbí tó mọ ìpolówó ọjà, wọ́n sì bá wọn gbé lára owó oṣù rẹ̀. Ní ti ọ̀wọ́ kẹrin, ilé iṣẹ́ tó ń fi ìwé owó tàbí ìpolówó jẹun ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, kó máa bá wọn ṣe é láti ìta. Àwọn kan sì wà tí wọn kò ṣe ohunkóhun fún, kí wọ́n lè fi wọ́n díwọ̀n àwọn yòókù.

Lẹ́yìn ọdún méjì, ọ̀wọ́ kẹta àti ìkẹrin fi àwọn tí wọ́n kó lọ sí ẹ̀kọ́ sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ṣe dáadáa tó àwọn tí wọ́n rán olùdámọ̀ràn sí, ó kéré tán, bẹ́ẹ̀ ìdajì owó tí wọ́n ná sórí olùdámọ̀ràn ni wọ́n ná sórí wọn. Ìpolówó wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì dára sí i, wọ́n ń dá àrà tuntun sínú òwò wọn, títà àti èrè wọn sì lọ sókè.

Ẹ wò ó dáadáa, nítorí ó yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ti ń ṣe fún ọlọ́jà láti ọjọ́ pípẹ́. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n kó wọn jọ sí gbọ̀ngàn, kí wọ́n kọ́ wọn ní ìwé owó fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, kí wọ́n fún wọn ní búrẹ́dì àti ẹlẹ́rìndòdò, kí wọ́n ya fọ́tò, kó parí. Ẹni tó ṣí ṣọ́ọ̀bù láti àárọ̀ kùtù, tó tún fẹ́ lọ se oúnjẹ alẹ́, ìgbà wo ló fẹ́ di akáúńtáǹtì? Ẹni tó ń kọ́lé kì í kọ́kọ́ lọ kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Bíríkìlà ló ń pè. Àwọn tí wọ́n fún ní ẹni tó mọ iṣẹ́ ló rí ère, àwọn tí wọ́n ní kó wá di ẹni tó mọ iṣẹ́ kò rí tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Accra, olú ìlú Ghana, tún ti ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn láti ọ̀nà mìíràn. Dean Karlan, Ryan Knight àti Christopher Udry mú télọ̀ 160 ní ìlú náà. Wọ́n fún àwọn kan lówó, wọ́n fún àwọn kan ní olùdámọ̀ràn láti ilé iṣẹ́ ńlá kan tó ń jẹ́ Ernst & Young, wọ́n fún àwọn mìíràn ní méjèèjì. Àwọn télọ̀ náà gbọ́ràn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀. Ṣùgbọ́n èrè wọn kò lọ sókè. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìwé náà sílẹ̀, wọ́n padà sí bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ọ̀lẹ kọ́ ni wọ́n. Ẹni tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò rí ohun tó mú wálé, ó di dandan kó jáwọ́. Kíkọ yàtọ̀ sí kíkà: ẹnì kan gbọ́dọ̀ wà tí yóò jókòó ti ìwé náà, tí yóò kà á, tí yóò sì sọ fún ọlọ́jà pé ohun báyìí ló wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpèjúwe ṣe é. Ká ní ìyá kan ní Ojúwòyè ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà, owó ọjà tó wà nílẹ̀ sì jẹ́ 400,000 náírà. Ó fi 300,000 sínú ìrẹsì, ó fi 100,000 sínú ẹ̀wà. Ìrẹsì náà á tà tán láàárín ọgbọ̀n ọjọ́, á sì jèrè 30,000 lórí rẹ̀. Ẹ̀wà á tà tán ní ọjọ́ mẹ́wàá mẹ́wàá, èrè rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sì jẹ́ 8,000. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní ìyá onírẹsì, òun náà sì gbà pé ìrẹsì ló ń bọ́ òun, nítorí 30,000 ju 8,000 lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni owó ẹ̀wà ń yí po nínú oṣù kan, ìyẹn 24,000. Bí a bá wá pín in sí 100,000 kọ̀ọ̀kan, 10,000 ni ìrẹsì ń mú wá lóṣù, 24,000 ni ẹ̀wà ń mú wá. Owó ìyá ń sùn sínú àpò ìrẹsì.

Ìyá náà mọ̀ pé ẹ̀wà ń yá o. Iye tí yíyá náà jẹ́ ni kò mọ̀, nítorí kò sí orí tó lè gbé ọgbọ̀n ọjọ́ títà lọ́wọ́ kan náà kó sì fi wọn wé ara wọn. Ọmọ tó ń kọ́ ẹ̀kọ́ ìṣirò ní Akọka lè rí i láàárín ìrọ̀lẹ́ kan bó bá rí ìwé náà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọmọ náà máa yọ̀ jù. Bó bá ní kí ìyá pa ìrẹsì tì, kí ó gbé gbogbo owó rẹ̀ lé ẹ̀wà, ìyá lè rẹ́rìn-ín, kí ó bi í pé kí ló gbé àwọn tó ń ra ẹ̀wà wá sí ṣọ́ọ̀bù òun. Ìrẹsì ni wọ́n wá rà, wọ́n wá mú ẹ̀wà mọ́ ọn. Ìyẹn náà ṣeé kọ sílẹ̀: ta ló ra méjèèjì pọ̀, ta ló ra ọ̀kan. Àfi kí ìyá kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà pé kó wò ó. Ibi tí ìmọ̀ méjèèjì ti nílò ara wọn nìyí, ó sì dájú pé ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì ní yunifásítì kò lè dá a rò.

Bẹ́ẹ̀ ni ìwé náà kò gbọ́dọ̀ le jù. Ní orílẹ̀-èdè Dominican Republic, Alejandro Drexler, Greg Fischer àti Antoinette Schoar fi ẹ̀kọ́ ìwé owó tó pé wé àwọn òfin kéékèèké tó rọrùn, irú bíi kí ọlọ́jà má da owó ọjà pọ̀ mọ́ owó ilé. Nínú ìwádìí wọn tó jáde ní ọdún 2014, òfin kéékèèké ló ran àwọn ọlọ́jà lọ́wọ́ jù. Àwọn ìyá wa tó ń so owó ọjà mọ́ eteetí ìró, tí wọ́n sì ń kó owó oúnjẹ sínú àpò mìíràn, ti mọ ìyẹn kí wọ́n tó dé.

Ohun mìíràn tún wà tó yẹ kí ọlọ́jà mọ̀. Láti ìgbà tí owó náírà ti wọ́n gógó níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí wọ́n pààrọ̀ owó bébà, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ló ti ń gba owó lórí fóònù àti lórí ẹ̀rọ POS. Gbogbo owó tó gba ibẹ̀ kọjá ló ní àkọsílẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ náà lè mọ ọjọ́ tí ọjà yá àti ọjọ́ tí ọjà kú ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì lè fi í pinnu ẹni tí yóò yá lówó àti iye tí yóò yá a. Ọlọ́jà tó ta ọjà náà kò ní irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹlòmíràn ti ń ka ìwé rẹ̀ fún un, èrè kíkà náà sì lè má jẹ́ tirẹ̀.

Yunifásítì tó bá fẹ́ wọ ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ dúró sí Akọka kó máa retí ọlọ́jà. Ní Kumasi ní Ghana, yunifásítì KNUST dá ọ́fíìsì kan sílẹ̀ ní ọdún 1972, Technology Consultancy Centre ni wọ́n sọ ọ́. Nígbà tó di ọdún 1980, wọ́n ti ní ibi iṣẹ́ kan ní Suame Magazine, níbi tí àwọn mẹkáníìkì àti àwọn alágbẹ̀dẹ ìlú náà pọ̀ sí bí ẹ ṣe ń rí i ní Ládìípọ̀. Iṣẹ́ irin ni wọ́n gbé lọ, kì í ṣe iṣẹ́ ìwé, àmọ́ àárín ọjà ni wọ́n gbé e lọ. Ní Ìlú Ọba, láti ọdún 1975 ni ìjọba ti ní ètò kan tó ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì lọ sí ilé iṣẹ́. Olùkọ́ yunifásítì ń mójú tó o, ìjọba ń san lára owó rẹ̀, ilé iṣẹ́ náà ń san ìyókù. Knowledge Transfer Partnerships ni wọ́n ń pe ètò náà báyìí.

Nàìjíríà náà kò ṣófo. Ọdún 1973 ni àjọ ITF dá SIWES sílẹ̀, ètò tó ń mú kí akẹ́kọ̀ọ́ fi oṣù mélòó kan ṣiṣẹ́ níta kó tó gba ìwé ẹ̀rí. Àwọn ọmọ Yabatech àti pólì yòókù tó bá gba ìwé ẹ̀rí ND náà máa ń fi ọdún kan ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó padà wá ṣe HND. Odindi ọdún kan! Kì í ṣe ohun tuntun kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ máa fi ọdún náà ṣe fọ́tókọ́pì àti kíkó fáìlì láti tábìlì kan sí èkejì ní ọ́fíìsì ńlá. Bí ọmọ kan bá ń bójú tó ìwé ṣọ́ọ̀bù márùn-ún ní Múṣin, tí olùkọ́ rẹ̀ ń yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, tí ẹgbẹ́ ọjà sì jọ ń dá owó ọkọ̀ àti oúnjẹ fún un, ó máa sún mọ́ ohun tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀wọ́ kẹrin nínú ìwádìí Anderson àti McKenzie.

Àwọn ohun tó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́ kò fara sin. Ìyanṣẹ́lódì ASUU ti ọdún 2022 gba oṣù mẹ́jọ, láti oṣù kejì títí di oṣù kẹwàá. Ìwé ọlọ́jà tó bá wà lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ nírú àkókò bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa kọ ọ́? Olùkọ́ yunifásítì náà ní tirẹ̀: ìwé ìwádìí tó tẹ̀ jáde ló ń fi gba ìgbéga, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù tó tún ṣe.

Ẹ̀rù tó ń ba ọlọ́jà fúnra rẹ̀ ló tóbi jù. Bí ìwé bá wà, owó orí ń bọ̀ nìyẹn, èyí ni ọ̀pọ̀ ń rò. Ẹ̀rù náà ní ìdí, nítorí owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ọlọ́jà Èkó kì í ṣe ti ìjọba nìkan. Àmọ́ òfin owó orí tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2026 yọ 800,000 náírà àkọ́kọ́ sílẹ̀ nínú owó tó kù sí èèyàn lọ́wọ́ lọ́dún lẹ́yìn ohun tí òfin gbà kó yọ. Ìyá onírẹsì inú àpèjúwe wa ń jèrè 54,000 lóṣù, tí í ṣe 648,000 lọ́dún, kó tó yọ owó ṣọ́ọ̀bù. Bó bá jẹ́ òwò yẹn nìkan ló ń ṣe, kò yẹ kó san owó orí kankan lórí rẹ̀. Báwo ni yóò ṣe fi ìyẹn han òṣìṣẹ́ ìjọba tó rí àpò ìrẹsì tó tò sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, tó sì ń fojú díwọ̀n rẹ̀? Ìwé tó ń bẹ̀rù ni yóò gbà á sílẹ̀.

Ti orúkọ àwọn tó wà nínú ìwé gbèsè náà wà níbẹ̀. Òfin tó ń dáàbò bo àkọsílẹ̀ nípa èèyàn, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, kò fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí yunifásítì láyè láti máa gbé orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà kiri bó ṣe wù wọ́n. Nítorí náà, ọlọ́jà tí wọ́n bá wá bá ní ṣọ́ọ̀bù ní ẹ̀tọ́ láti béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀: ta ni yóò rí ìwé yìí? Ṣé wọ́n á yọ orúkọ kúrò kí wọ́n tó gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà? Ìgbà wo ni wọ́n á wá sọ ohun tí wọ́n rí fún òun, ṣé ní Yorùbá ni wọ́n á sì ti sọ ọ́? Bí ọmọ náà bá parí ọdún rẹ̀, ta ló ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀? Kí wọ́n kọ ìdáhùn sínú bébà kan, kí olùkọ́ wọn fọwọ́ sí i. Kí wọ́n sì fi ìwé gbèsè gan-an sílẹ̀ lórí káńtà tí wọ́n ti bá a nígbà tí wọ́n bá ń lọ. Fọ́tò rẹ̀ tó fún iṣẹ́ wọn.